Pátíṣọ̀n tí kò wúlò mọ́ lórí kọ̀ǹpútà Linux: Ẹ yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ba iṣẹ́ yín jẹ́

Ẹni tó bá ra ilẹ̀ oko lágbègbè Òkè-Ògùn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè lọ́jọ́ kan náà. Yóò kọ́kọ́ rìn yí ilẹ̀ náà ká, yóò bi àwọn tó bá a pààlà léèrè ọ̀rọ̀, yóò sì mọ ibi tí tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ó ṣeni láàánú pé bá a bá ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ó kàn tàn án wò, bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ó parí. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àyè ò sí mọ́ la ó tó mọ̀ pé nǹkan mìíràn ṣì jókòó sórí ilẹ̀ tá a fowó wa rà.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nílùú Ìlúà ṣe àpẹẹrẹ. Ìlúà wà níjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, kò sì jìnnà sí Òkèhò tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Iṣẹ́ tí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò ṣàjèèjì sí wa: títẹ ìwé, fótókópì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, fọ́tò pélébé fún àwọn ọmọ iléèwé, àti àkọsílẹ̀ owó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ká ní láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ló ń lò, tí dísìkì inú rẹ̀ jẹ́ 500 gígábáìtì. Windows ló bá nínú rẹ̀ nígbà tó rà á. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n bá òun fi Linux sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Ní báyìí, Linux nìkan ló ń lò, ó ti tó ọdún kan tó ti ṣí Windows kẹ́yìn, síbẹ̀ 200 gígábáìtì ṣì wà lábẹ́ Windows yẹn. Àyè ti há mọ́ iṣẹ́ àwọn oníbàárà. Ṣé kó lọ ra dísìkì tuntun ni, àbí kó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà?

Ìdáhùn wa ni pé kó gba ilẹ̀ rẹ̀ padà, nítorí kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ yé e kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Bá a bá yọ pátíṣọ̀n kan kúrò lórí dísìkì, ààlà la yọ, iṣu tó wà nínú ebè ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá yé yóò mọ bó ṣe máa ṣe iṣẹ́ náà láì fara gbọgbẹ́, yóò mọ ohun tó máa ṣe bó bá ṣèèṣì yọ èyí tí kò yẹ kó yọ, yóò sì mọ ìdí tí kò fi yẹ kó ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láì kọ́kọ́ hú iṣu inú rẹ̀.

ÌDÍ TÍ ÀWỌN ÈÈYÀN FI Ń LỌ SÓRÍ LINUX

Linux kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọdún 1991 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì ìlú Helsinki nígbà náà, gbé e jáde. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà, ṣùgbọ́n èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni Ubuntu. Mark Shuttleworth, oníṣòwò ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, ló dá a sílẹ̀, èyí àkọ́kọ́ sì jáde lóṣù Kẹwàá, ọdún 2004. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa béèrè owó ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín.

Ohun tó tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gbóná ni pé lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó ń ṣe lórí Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó ń béèrè ẹ̀yà ara ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń béèrè ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí kò pẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa ni kò kún ojú òṣùwọ̀n yìí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí kò fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun fi ń fi Linux sórí èyí tí wọ́n ní.

Bí wọ́n bá sì ti fẹ́ fi í sí i, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni pé wọn kì í pa Windows rẹ́ pátápátá. Wọ́n á ní kí Linux jókòó tì í, bóyá ọjọ́ kan á wúlò. Bí ilẹ̀ ṣe ń pín sí wẹ́wẹ́ nìyẹn.

KÍ NI PÁTÍṢỌ̀N?

Dísìkì ni ilẹ̀ oko. Pátíṣọ̀n ni ìpín kọ̀ọ̀kan tá a pààlà sí lórí ilẹ̀ náà. Níbẹ̀rẹ̀ dísìkì ni ìwé kékeré kan wà tó ń sọ pé ìpín kìíní bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ó parí sí ọ̀hún, ìpín kejì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀hún, ó parí síwájú. Ẹ lè pè é ní ìwé ààlà. Ìwé yìí ni kọ̀ǹpútà máa ń kà kó tó mọ ibi tó máa gbà.

Oríṣi ìwé ààlà méjì ló wà. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní MBR. Òun kò gbà ju ìpín gidi 4 lọ, kò sì lè ka dísìkì tó bá ju nǹkan bíi tẹ́rábáìtì 2 lọ. Ti ìgbàlódé ni GPT, tó sábà máa ń gba ìpín 128. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti pẹ́, tó ń lo MBR, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ìpín kún un, tó ní kò gbà mọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé àyè wà, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Ìpín mẹ́rin ti pé ni.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń fa ìjà láàárín oníbàárà àti ẹni tó ta kọ̀ǹpútà. Dísìkì tí wọ́n kọ 500 gígábáìtì sí lára, Linux lè sọ pé 465 ni. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹni tó ṣe dísìkì náà ń ka ẹgbẹ̀rún ní 1,000, kọ̀ǹpútà ń kà á ní 1,024. Ìyàtọ̀ yẹn ló di 35 yẹn.

Ẹ KỌ́KỌ́ RÌN YÍ ILẸ̀ NÁÀ KÁ

Ẹ yọ gbogbo fláàṣì àti dísìkì àfikún tó wà lára kọ̀ǹpútà, kó má di pé ẹ ṣi èyí fún tọ̀hún. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ sí, ìyẹn Terminal, kẹ́ ẹ kọ èyí síbẹ̀:

lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE,LABEL,MOUNTPOINT

Àṣẹ yìí kì í ba nǹkan kan jẹ́, wíwò lásán ni. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, ohun tó máa jáde yóò jọ báyìí:

sda1, 100M, vfat, /boot/efi
sda2, 16M
sda3, 200G, ntfs
sda4, 15G, ntfs, RECOVERY
sda5, 250G, ext4, /

Bí dísìkì yín bá jẹ́ ti ìgbàlódé tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi súìǹgọ́ọ̀mù, orúkọ tó máa ní ni nvme0n1p1, nvme0n1p2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtumọ̀ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. sda5 ni Linux fúnra rẹ̀. Àmì / tó wà níwájú rẹ̀ túmọ̀ sí pé orí rẹ̀ lẹ jókòó sí báyìí. Ẹni tó wà lórí igi kì í gé ẹ̀ka tó jókòó lé. sda3 ni Windows. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa ntfs tó wà níwájú rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. sda4 ni èyí tí iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà fi pamọ́ kí wọ́n lè fi dá Windows padà bó bá bàjẹ́. sda2 kékeré yẹn, Windows náà ló ni ín, ṣùgbọ́n mẹ́gábáìtì 16 kò tó ohun tá à ń jà lé lórí. Ẹ fi í sílẹ̀.

Èyí tó máa ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà ni sda1. Ó kéré, orúkọ rẹ̀ kò jọ ti Linux, wọ́n á ní ti Windows ni, wọ́n á sì yọ ọ́ dànù. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ọ̀nà wà. Inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ wò bá a bá tàn án, ibẹ̀ ni Linux àti Windows jọ ń gbà wọlé. Ẹni tó bá yọ ọ́, lọ́jọ́ tó bá tún tan kọ̀ǹpútà, kò ní rí ibi wọlé. Nítorí náà, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí vfat àti /boot/efi, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹni tó ń ṣe òdìkejì, tó jẹ́ pé Linux ló fẹ́ yọ kó lè dúró sórí Windows nìkan, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pẹ̀lú. Lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo MBR, inú ìpín Linux ni apá tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣílẹ̀kùn wà. Bó bá yọ ìpín náà láì tíì dá ilẹ̀kùn Windows padà, ọ̀rọ̀ grub rescue ló máa bá lójú dígí, kọ̀ǹpútà kò sì ní lọ síwájú.

Ẹ ṢE FÓTÓKÓPÌ ÌWÉ ÀÀLÀ

Kò sẹ́ni tó ní ṣọ́ọ̀bù fótókópì tó yẹ kó fi ìwé pàtàkì kan ṣoṣo sílẹ̀ láì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ kó iṣẹ́ oníbàárà sórí dísìkì mìíràn, kẹ́ ẹ sì ṣí díẹ̀ nínú wọn wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti mọ̀ pé wọ́n pé. Ẹ wọ inú Windows náà kẹ́ ẹ wò ó bóyá fọ́tò tàbí ìwé kan ṣì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti gbàgbé.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé ààlà fúnra rẹ̀:

sudo sfdisk -d /dev/sda > aala.txt

Ìwé kékeré ni yóò jáde. Ẹ dà á sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ tún fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ sórí dísìkì kan náà, ṣe ló dà bí ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ilé.

BÍ A ṢE Ń YỌ Ọ́

Irinṣẹ́ tó rọrùn jù ni GParted. Bí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ fi àṣẹ sudo apt install gparted gbé e wọlé. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí dísìkì náà bí ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n kun lóríṣiríṣi àwọ̀.

Ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún máòsì lórí sda3. Bí àmì títì bá wà lára rẹ̀, ìyẹn ni pé nǹkan kan ń lò ó lọ́wọ́. Ẹ yan Unmount ná. Lẹ́yìn náà, ẹ yan Delete. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún sda4 bó bá dá yín lójú pé ẹ kò ní dá Windows padà sórí kọ̀ǹpútà náà mọ́. Nítorí pé àwọn méjèèjì bára wọn pààlà, àyè wọn yóò papọ̀ di 215 gígábáìtì. Ẹ tẹ ibẹ̀, ẹ yan New, ẹ mú ext4, kẹ́ ẹ fún un lórúkọ, bíi ISE.

Títí di àsìkò yìí, GParted kò tíì ṣe nǹkan kan. Ṣe ló to gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ sílẹ̀, tó ń dúró de àṣẹ. Ẹ fara balẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ohun kan kò bá yé yín, ẹ pa á dé, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bó bá dá yín lójú, ẹ tẹ àmì gidigbo aláwọ̀ ewé tó wà lókè.

Àwọn tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kọ àṣẹ lè lo fdisk. Òun náà kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá tẹ w. Bẹ́ ẹ bá tẹ q, ó jáde láì ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún parted. Tòun kò ní ìdúró: bẹ́ ẹ bá ti tẹ rm 3, ìpín kẹta ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ pa àṣẹ sudo update-grub, kó lè tún ohun tó máa ń jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń tan kọ̀ǹpútà tò. Kẹ́ ẹ tún wo ìwé kan tó ń jẹ́ /etc/fstab, níbi tí Linux ń kọ orúkọ ìpín tó máa ń ṣí ní gbogbo ìgbà sí. Bí orúkọ ìpín tẹ́ ẹ yọ bá ṣì wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà lè máa dúró fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ pé òun ń wá a, ó sì lè kọ̀ láti ṣí pátápátá. Èyí kan ìpín swap náà, tí Ubuntu àtijọ́ máa ń dá sílẹ̀ láti ran ìrántí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Láti ọdún 2017 ni Ubuntu ti ń lo fáìlì lásán dípò rẹ̀.

Láti ṣí ìpín tuntun yẹn, ẹ lo irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Disks, kẹ́ ẹ ní kó máa ṣí i fúnra rẹ̀ sí /mnt/ise. Bí Linux bá sọ pé ẹ kò láṣẹ láti kọ nǹkan síbẹ̀, ẹ lo sudo chown $USER: /mnt/ise, ó ti di tiyín nìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ INÁ MÀNÀMÁNÁ

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí a kò fi àyè náà kún Linux gan-an, kí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ààlà wà. Iwájú Linux ni Windows wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bí Linux bá máa gba ilẹ̀ iwájú, àfi kí GParted kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ láti ibi tó wà lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ààlà tuntun, ẹ sì ní láti fi fláàṣì Ubuntu tan kọ̀ǹpútà náà kó tó lè ṣe é. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí iná bá lọ láàárín méjì, ìdajì ẹrù wà níbí, ìdajì wà lọ́hùn-ún, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n bá a dé.

Gbogbo wa la mọ bí iná ṣe ń ṣe lágbègbè wa, a sì mọ bí bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ṣe máa ń rí. Ìdí nìyẹn tá a fi ní kẹ́ ẹ dá ìpín tuntun sílẹ̀ fún iṣẹ́ oníbàárà dípò kẹ́ ẹ máa kó ilé. Yíyọ ìpín kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kíkó o nípò padà ló léwu. Bí ẹ bá ní dandan àfi kẹ́ ẹ kó o, kí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tó lépo wà nítòsí, kí bátìrì sì kún.

BẸ́ Ẹ BÁ ṢÈÈṢÌ YỌ ÈYÍ TÍ KÒ YẸ

Ẹ má sáré. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má dá ìpín tuntun síbẹ̀, ẹ má sì kọ nǹkan kan sórí dísìkì náà mọ́. Ẹ rántí pé ààlà lẹ yọ, iṣu ṣì wà nínú ebè. Ẹ fi fláàṣì Ubuntu tan kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ìwé ààlà tẹ́ ẹ ti ṣe dá tàbílì náà padà:

sudo sfdisk /dev/sda < aala.txt

Bẹ́ ẹ ò bá ṣe ẹ̀dà, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ TestDisk, tí Christophe Grenier ṣe. Yóò rìn gbogbo ilẹ̀ náà já, yóò máa wá ibi tí ebè àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì fi hàn yín kẹ́ ẹ yan èyí tó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí dísìkì yín bá jẹ́ SSD, tẹ́ ẹ sì ti dá ìpín tuntun síbẹ̀, ìrètí kò pọ̀. Bí Linux bá ń ṣètò ext4 tuntun sórí SSD, ó sábà máa ń sọ fún dísìkì náà pé kó gbá gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ náà dànù lójú ẹsẹ̀.

IṢU TÓ ṢÌ WÀ NÍNÚ EBÈ

Ohun tó gbà yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣèèṣì, òun náà ló lè tú yín sí gbangba lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ta kọ̀ǹpútà. Lóṣù Kẹwàá, ọdún 2005, àjọ Basel Action Network tó wà nílùú Seattle, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n ní nǹkan bíi kọ̀ǹténà 500 ló ń gba èbúté wọlé lóṣooṣù nígbà náà, àti pé àwọn tó mọ ọjà náà sọ pé tó ìdá 75 nínú 100 lára ohun tó wà nínú wọn ni kò ṣeé lò. Wọ́n tún ra dísìkì níbẹ̀, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Lọ́dún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìròyìn láti Yunifásítì British Columbia, ní Kánádà, ra dísìkì àlòkù lórílẹ̀-èdè Gánà. Nínú ọ̀kan, wọ́n bá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ohun ìjà Northrop Grumman ń ṣe fún ìjọba Amẹ́ríkà.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tó wà lórí dísìkì oníṣọ́ọ̀bù Ìlúà: fọ́tò àwọn ọmọ iléèwé, ìwé ẹ̀rí, nọ́ńbà àkáǹtì, àkọsílẹ̀ ẹni tó jẹ ẹgbẹ́ lówó. Láti oṣù Kẹfà, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn aráàlú, ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ àṣírí èèyàn sọ́wọ́ ló ni ẹrù ìdáàbòbò rẹ̀. Owó ìtanràn tó wà nínú òfin náà fún àwọn tí kì í ṣe òléwájú lè tó mílíọ̀nù 2 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún wọn lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù.

Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fẹ́ ta kọ̀ǹpútà, ẹ má yọ ìpín nìkan. Bó bá jẹ́ dísìkì tó ń yí, ẹ fi fláàṣì Ubuntu tàn án, ẹ ṣí Disks, kẹ́ ẹ yan èyí tó máa fi òdo kọ bo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Fún 500 gígábáìtì, ó lè gba wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ SSD, ẹ lo ìpalẹ̀mọ́ tí iléeṣẹ́ tó ṣe é pèsè. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tòkunbọ̀ wọlé, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí tẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ náà kẹ́ ẹ tó fi Linux tuntun sí i.

Oníṣọ́ọ̀bù wa ti gba 215 gígábáìtì padà láì ra nǹkan kan, ẹ̀dà ìwé ààlà wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ àwọn oníbàárà sì ti ní àyè tiwọn. Ohun tó kù ni pé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà fún ẹlòmíràn, kó rántí hú iṣu rẹ̀ tán kó tó fi ilẹ̀ sílẹ̀.